Iyán àti Ọbẹ̀ Rẹ̀

Ní Àkúrẹ́ àti ní Ìlú Òǹdó, ẹni tí kò bá tí ì jẹ iyán a máa wí pé òun kò tí ì jẹun. Àwa kò bá iyán jà. Ṣùgbọ́n òkèlè àgbẹ̀ tí ó kọ ebè láti òwúrọ̀ kò yẹ kí ó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Iṣu a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ kò bá lò, ara a sọ ọ́ di ọ̀rá. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí ó tó 400 gíráàmù lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún oúnjẹ. Kí baba má sì ṣe kó ẹja tán, kí omi ọbẹ̀ nìkan kù fún ìyá.