Ẹ̀WÙ Ọ̀LA: ṢÉ A Ó MÁA YÁ A WỌ̀ NI?

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni ìwé ìròyìn Mùsùlùmí ń wá nídìí ọ̀rọ̀ fíìmù. Ẹ̀yin àgbà wa, a bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ yín ń wò lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Iṣáì kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí a ń bá jà ni èrò kan tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lára láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, pé aṣọ òfì, agbádá, láwàní àti ilé alámọ̀, ti àná ni gbogbo wọn. Pé bí a bá fẹ́ fi ayé tí kò tíì dé hàn nínú eré, àfi kí a wọ kóòtù òyìnbó tàbí ẹ̀wù onírin. Irọ́ ni. Ó sì yẹ kí àwa ará Òkè-Ògùn ti mọ̀ ṣáájú ẹlòmíràn pé irọ́ ni.

Ẹ wo Black Panther, tí ó jáde ní 2018. Inú ìwé kọ́míìkì ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Stan Lee àti Jack Kirby ni wọ́n dá akọni rẹ̀ sílẹ̀ ní 1966. Wakanda, ìlú àròsọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ju gbogbo ayé lọ. Kí ni àwọn ará ibẹ̀ wá ń wọ̀? Ruth E. Carter tí ó ṣètò aṣọ wọn mú bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ará Lesotho. Ó mú fìlà ńlá tí àwọn obìnrin Súlù ń dé, ó sì ní kí ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tẹ irú rẹ̀ jáde fún ìyá ọba. Nígbà tí ó kan Zuri, àgbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, agbádá ni ó wọ̀ fún un. Agbádá o! Ẹ̀wù tí bàbá yín ń wọ̀ lọ sí Yídì, tí ẹ ń sọ pé ó ti di ti ayé àtijọ́.

Hannah Beachler ni ó ṣètò ilé àti àyíká inú fíìmù náà. Òun náà wo ahéré olórí róbótó ti gúúsù Áfíríkà, ó sì wo iṣẹ́ Zaha Hadid, obìnrin ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí sínú ìdílé Mùsùlùmí ní Bàgdádì ní 1950. Ní 2019 àwọn obìnrin méjèèjì gba ẹ̀bùn Oscar, àwọn sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á nídìí irú iṣẹ́ wọn. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n àgbègbè Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ibùdó eré náà, níbẹ̀ ni owó káfíńtà àti akunlé wọlé sí.

Èyí tí ó kan àwa Mùsùlùmí jù ni Dune. Frank Herbert kọ ìwé náà ní 1965, ó sì kó ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kún inú rẹ̀, Mahdi àti jihad wà níbẹ̀. Denis Villeneuve sọ ọ́ di fíìmù ní 2021. Àwọn ará aginjù inú rẹ̀ ń wọ ẹ̀wù tí ń gba òógùn ara, tí ń sọ ọ́ di omi mímu. Wọ́n ń fi aṣọ bo orí àti imú nítorí iyanrìn, bí àwọn Túárẹ́gì ti ń ṣe. Jọ́dánì àti Abu Dhabi ni wọ́n ti ya aginjù náà, ibùdó eré rẹ̀ sì gba Oscar ní 2022. Ilẹ̀ Mùsùlùmí dára fún àwòrán, ìbòjú wa dára fún ẹ̀wù. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu: jihad inú ìwé di "ogun mímọ́" nínú fíìmù. Nínú ìpolówó rẹ̀, crusade ni wọ́n pè é, orúkọ ogun tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù gbé ja Mùsùlùmí nígbà kan! Stilgar, aṣáájú àwọn ará aginjù, Javier Bardem ará Sípéènì ni ó ṣe é. Àwọn kan ní ó sàn kí ọ̀rọ̀ náà má sí níbẹ̀, nítorí ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni Herbert fi í ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá fún ahọ́n wa, kí ló dé tí kò sá fún aṣọ wa?

Aginjù yìí kò sì jìnnà sí Ìsẹ́yìn bí ẹ ti rò. Aṣọ òfì mẹ́ta ni àwọn àgbà gbé ga jù: ẹtù, sányán àti àlàárì. Aró ni wọ́n fi ń pa ẹtù. Òwú tí kòkòrò inú igbó pa ni wọ́n fi ń hun sányán. Ṣùgbọ́n síliki pupa ti àlàárì, láti òkè òkun ni ó ti wá nígbà náà. Ó gba Trípólì, ó gun ràkúnmí la Sàhárà kọjá dé ilẹ̀ Hausa, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an, al-harir ti Lárúbáwá ni, tí ó gba ẹnu Hausa wá. (A mọ̀ pé síliki gidi kò tọ́ sí ọkùnrin Mùsùlùmí, ìtàn ni à ń sọ, ẹ má kọ lẹ́tà sí wa.) Nígbà tí òwú dídán tí ẹ̀rọ ṣe dé, àwọn ahunṣọ gbà á, wọ́n pe aṣọ rẹ̀ ní ṣáínì-ṣáínì. Aṣọ tí ó ń fa ohun tuntun mọ́ra bẹ́ẹ̀, ta ni ó sọ ọ́ di aṣọ àná?

Ní ti ilé àti àyíká, Kunle Afolayan kọ́ abúlé eré sí Igbójàyè, ní Òkè-Ògùn yìí kan náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ya Aníkúlápó, tí ó jáde lórí Netflix ní 2022. A yìn ín, ó mú iṣẹ́ wá sílé. Àmọ́ ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ilẹ̀ wa ṣe níbẹ̀. Ta ni yóò fi ṣe ọ̀la? Àpáta Adó-Àwáyè, tí adágún omi Ìyáké dúró sí lórí, ẹni tí ó bá gùn ún yóò rò pé òun ti kúrò nínú ayé yìí. Ẹ má sọ pé kò ṣe é ṣe ní Nàìjíríà. Ní 2018 kan náà, C.J. Obasi sọ ìtàn Nnedi Okorafor di fíìmù kúkúrú, Hello, Rain. Wíìgì tí obìnrin kan fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti oògùn ṣe ni gbogbo agbára inú rẹ̀. Oògùn ibẹ̀ kò bá wa lára mu, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé irun orí lásán ni ó fi gbé ayé tuntun kalẹ̀.

Nínú eré tiwa ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó bá so táì ni dókítà tàbí ẹnjiníà. Ẹni tí ó bá wé láwàní, tí ó mú tẹ̀súbà lọ́wọ́, òun ni yóò fi hàǹtú lu ìyá oníyàá ní jìbìtì. Àwọn ọmọ wa ń wò ó, wọ́n sì ń mọ èyí tí àwọn yóò fẹ́ dà. Lẹ́yìn náà ni òbí yóò máa ṣe kàyéfì pé ọmọ ahunṣọ kò fẹ́ jókòó sídìí òfì mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra eré Máólúdì tí ń bọ̀, ẹ fi ẹnjiníà kan sí i, kí ó jẹ́ ọmọbìnrin. Kí ó wọ hìjáàbù, kí ẹ sì rán ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ láti inú ẹtù Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú àpò tí ó lè gba ṣípánà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ san owó ahunṣọ kí ẹ tó gbé aṣọ náà kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀.