Ìtẹ́ Kan, Ìdílé Márùn-ún

Ní ọdún 1138, Bolesław Kẹta, olórí ilẹ̀ Póláǹdì, pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìpín bí ìpín, títí Oświęcim, ìlú kékeré kan, fi di ìjọba lọ́tọ̀. Ní 1327, olórí rẹ̀ forí balẹ̀ fún ọba Bohemia. Ní 1457, wọ́n tà á fún ọba Póláǹdì bí ẹni ta oko.

Ẹ̀yin èwe wa, ẹ jẹ́ kí a fi Kétu wé e. Kétu náà kò tóbi, ó sì wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Dànhọ̀mẹ̀. Ìdílé ọba márùn-ún ló wà níbẹ̀. Wọn kò pín ilẹ̀. Àsìkò ni wọ́n pín. Bí Alákétu kan bá wàjà, oyè a kan ìdílé mìíràn.

Ní 1886, Dànhọ̀mẹ̀ run ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ní 1889, tí Kétu ṣì wà ní ahoro, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà la ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ tán, àwọn tó kù padà wálé, wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n sì fi ọba jẹ.

Ohun tí ìdílé márùn-ún kò jẹ́ pín, àlejò méjì ló pín in. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ará Mẹ́kọ nínú ọjà Ganhi, ẹ má ṣe pè é ní àjèjì. Ọmọ ìyá ni.