Ìtọ̀ Wa Yóò Sọ Òtítọ́: Ìpinnu Àwa Ará Anthony lórí Mẹ́kúrì

Àwa ìyá ọlọ́mọ, onídìrí, oníṣòwò ìpara, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ lábù ní Anthony ní Èkó, a ti pinnu pé a kò ní fi ara wa fún mẹ́kúrì mọ́ láìmọ̀. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń lo ìpara abóra déédéé, mẹ́kúrì sì wà nínú àwọn kan lára irú ìpara bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì ní 2013, ó sì gbà á wọlé ní 2018. Ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí ìwé kò lè sọ ohun tó ti wọ ara wa. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́.

Èkíní: Ẹni tó pa ìpara mọ́ra ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wọ ara rẹ̀. Mẹ́kúrì inú ìpara ń gba awọ wọlé, kíndìnrín ló sì ń forí pamọ́ sí jù, kó tó máa bá ìtọ̀ jáde. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi kọ ìròyìn nípa àgbàlagbà 60 tí kíndìnrín wọn ń da púrótéènì sínú ìtọ̀: ó ju ìdajì wọn lọ tó ń lo ìpara abóra. Kíndìnrín kì í tètè ké. Ẹ jẹ́ ká bi ìtọ̀ léèrè kí ara tó wú.

Èkejì: Àyẹ̀wò ìtọ̀ kan kì í ṣe òmíràn. Pépà tí lábù àdúgbò ń rì bọ ìtọ̀ ń wá ṣúgà, púrótéènì àti ẹ̀jẹ̀; kò lè rí mẹ́kúrì. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “Ìtọ̀ yín dáa, mà” kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa mẹ́kúrì. A fẹ́ lábù tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn mẹ́táàlì, àti ike tí wọ́n ti fọ mọ́ fún iṣẹ́ yìí. Ìtọ̀ àkọ́jí ló dáa jù. Kí ẹni tó fẹ́ tọ̀ ọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa ná, nítorí ìpara tó bá kán sínú ike yóò ba èsì jẹ́.

Ẹ̀kẹta: A kò gba àyẹ̀wò ẹ̀tàn. Ẹ má fún wa ní oògùn tó ń fa mẹ́táàlì jáde kí ẹ tó gba ìtọ̀ wa. Oògùn náà ń gbé nọ́ńbà sókè lára ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù á sì ba aláìsàn débi tí yóò fi ra ìtọ́jú tí kò nílò. American College of Medical Toxicology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ nípa májèlé, ti ta ko irú àyẹ̀wò yìí.

Ẹ̀kẹrin: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìtọ̀ ẹni tí kò fara kan mẹ́kúrì kì í sábà ju máíkírógíráàmù 5 nínú lítà kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá 20, kó rí dókítà kíákíá. Ẹni tó mu omi púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣàn, nítorí náà kí lábù wọn kiriatínínì pẹ̀lú rẹ̀, láti mọ bí ìtọ̀ náà ṣe ṣàn tó. Ẹni tó ti fi ìpara sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan lè rí nọ́ńbà kékeré: ìyẹn kò sọ pé mẹ́kúrì kò wọ ara rẹ̀ rí.

Ẹ̀karùn-ún: Gbogbo ilé la ó yẹ̀ wò. Mẹ́kúrì ń bá ọwọ́ ìyá, táwẹ́ẹ̀lì àti ibùsùn dé ara ọmọ tí kò pa nǹkan kan. Bí ìtọ̀ ìyá bá fi mẹ́kúrì hàn, ẹ yẹ ti ọmọ wò. Ẹ mú ìpara náà wá nínú ike rẹ̀, ní dídé.

Ẹ̀kẹfà: A kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ènìyàn fi ìpara pamọ́ fún dókítà. Àṣírí ni èsì, ti ẹni tó ni ín ni.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà, tó múlé tì wá. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó má jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ la ti máa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ mẹ́kúrì. Kí wọ́n gba ìtọ̀ wa ní ilé ìlera alábọ́dé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lábù tó yẹ, kí owó rẹ̀ má ju agbára oníṣòwò kékeré lọ. Kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, kéde orúkọ gbogbo ìpara tí wọ́n bá bá mẹ́kúrì nínú rẹ̀.

Àwa náà ń ṣèlérí: àwa oníṣòwò kò ní ta ìpara tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tó kọ mercury, calomel tàbí mercurous chloride sára. Àwa onídìrí yóò sọ fún oníbàárà kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Àwa òṣìṣẹ́ lábù kò ní pe àyẹ̀wò pépà ní àyẹ̀wò mẹ́kúrì. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, kó wá bá wa ṣe é.