Àgbàdo Tí A Kì í Fi Ọmọ Rẹ̀ Ṣe Irúgbìn

Olùkọ́ kan ní Ajah kọ̀wé sí wa pé òun ra irúgbìn àgbàdo haibríìdì lésìí, òun gbìn ín sí ilẹ̀ òun lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ọmọ rẹ̀ tóbi, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Ó ṣa èyí tó dára jù pamọ́, ó tún un gbìn lọ́dún yìí, oko sì rí jákujàku: ọ̀kan ga, èkejì ràrá, òmíràn kò tilẹ̀ yọmọ. Ó ní àbí ọ̀tá ló wọ oko òun?

Rárá o, tíṣà, kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Oríṣi àgbàdo méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbìn pọ̀. Wọ́n á já ìrùkẹ̀rẹ̀ ọ̀kan dànù, kí ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun ti èkejì nìkan ni yóò bà lé irun rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí ni haibríìdì, òun ló lágbára bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yìí bá tún bímọ, ìwà bàbá àti ti ìyá á tú ká sínú wọn, agbára náà á sì dínkù. IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lára àwọn tó ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló mọ Oba Super 1 tó funfun àti Oba Super 2 tó pupa. Ọdọọdún ni à ń ra irúgbìn rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má fi àgbàdo jíjẹ ta irúgbìn fún ẹnikẹ́ni, nítorí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni yóò fi ṣòfò. Irúgbìn tó ṣẹ́kù nínú àpò ńkọ́? Àwọ̀ tí ẹ rí lára rẹ̀, oògùn ni. Ẹ má sè é, ẹ má sì dà á fún adìẹ.

Iyanrìn ni ilẹ̀ Lekki, òjò tètè ń gbé ajílẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní ti oko tíṣà, ó ṣì wúlò fún màlúù. Kí ọmọ àgbàdo tó gbó tán, kí ẹ gé e tòun ti pòròpórò, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ kì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì dì í pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, yóò kan bí ògì (ẹ̀yin ológì ti mọ̀ ọ́n ṣe láìmọ̀). Èyí tó bá bu nínú rẹ̀, ẹ dà á nù.