Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù: Ìwé Ta Ni Ká Mú Dání?

Olóòtú,



Ẹni tó bá ra mọ́tò ní Àkúrẹ́, tó sì fẹ́ máa lò ó l'Ékòó, mọ ibi tí yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ. Bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni àkọ́kọ́ tó bá bi léèrè ní gáréèjì yóò júwe ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù n'Ígbókọ̀dá tó sì wà á wá sí Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Bí ó bá bi èèyàn mẹ́ta léèrè ibi tí yóò ti gbàwé, ìdáhùn mẹ́rin ni yóò gbà. Ọ̀kan á ní kó lọ bá ìjọba àpapọ̀, èkejì á ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ẹ̀kẹta á ní kó rí alága èbúté, kó tún padà ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, ta ni yóò bi í?

Kì í ṣe ẹ̀sùn pé èèyàn ra àlòkù. Ọkọ̀ fáíbà tuntun pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ apẹja àti awakọ̀ èrò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí a ṣe ń rà á. Owó tó wà lára ọkọ̀ ojú omi, ara ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ sí, ẹ́ńjìnnì yìí sì rèé, kò dúró sójú kan. Lónìí ó wà nídìí ọkọ̀ yìí, lọ́la wọ́n ti tú u, wọ́n ti gbé e kọ́ ìdí òmíràn. Ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn tó ń rà yóò fi ìka kan ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé rọ̀ mọ́, kó lè mọ̀ bóyá igi inú rẹ̀ ti jẹrà. Yóò tú bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wo òróró jíà. Bí òróró náà bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Yóò ní kí wọ́n ta á síná, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ń wò ó? Ìwé tí ẹni tó tà á yóò fún un, ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ iléèwé ni, pẹ̀lú ìtẹ̀ka àti orúkọ tí a kò lè kà tán. Bí o bá ní kó fi rìsíìtì àkọ́kọ́ hàn ọ́, á ní omi ti gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ a kò gbàgbé pé àwọn olè orí omi wà ní ojú omi Ìlàjẹ àti àwọn àyíká rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n sábà máa ń wá. Wọn á tú u kúrò nídìí ọkọ̀ apẹja, wọn á fi onítọ̀hún sílẹ̀ láàárín omi. Ibo ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kó wọ̀nyí ń wọlẹ̀ sí? Ṣé inú omi ni wọ́n ń dà á sí ni? Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń gbé e lọ tà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Mo mọ ọkùnrin kan tó ra ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì 40 pọ̀, tó sanwó rẹ̀ pé pérépéré, tí kò jalè rí láyé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fi lò ó kí ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì tó dé bá a léèbúté, tòun ti rìsíìtì tó bá nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì mu. Ọkùnrin yìí kò rí ẹni tó tà á fún un mọ́ títí dòní, ẹ́ńjìnnì sì lọ. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ló kù sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òfin ṣe wí. Òfin ọdún 1997 tó dá NIWA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi inú ilẹ̀ wa, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ka àwọn ojú omi tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀nà omi tó bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì, tó gba ọ̀sà Èkó dé Ẹ̀pẹ́, tó gba ọ̀sà Lẹ́kí dé Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wá gba Atijẹ́rẹ́ lọ sí Òkìtìpupa àti Àrògbò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, títí dé Wàrí. Kò sí géètì lórí omi, kò sì sí pátákó tó ń kí ni káàbọ̀ sí ìpínlẹ̀ kankan. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìlàjẹ yóò ti kan ìpínlẹ̀ mẹ́ta kó tó gúnlẹ̀ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́.

Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe òfin tirẹ̀, wọ́n dá LASWA sílẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe di méjì nìyẹn. Nígbà tó di 2012, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, pé kí wọ́n sọ fún àwọn ẹni tó láṣẹ lórí àwọn. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní NIWA ni. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà, ó dá Èkó láre. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ. Ọdún 12! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ti lè dá fa àjẹ̀.

Àwọn kan yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: ní ti ìwé ọkọ̀, ìdájọ́ yẹn dára. LASWA ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe lọ nípa èbúté àti ààbò èrò, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kógbá wọlé. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá kò lè gbé nọ́ńbà mẹ́ta sára bí ẹni fín gbẹ́rẹ́. Ní Kánádà, ìjọba àpapọ̀ ló ń fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó agbára ẹṣin 10 ní nọ́ńbà. Bí ará Ontario bá tà á fún ará Quebec, orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú ìwé. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ kò yí padà. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ NIWA fún kò le. Kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí yóò máa bá a lọ sí ibikíbi, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti iye èrò tó gbọ́dọ̀ gbé mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù ní Pátégì ní oṣù kẹfà ọdún 2023, èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ẹ rò ó wò, ọkọ̀ kan ṣoṣo! Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà lè fi fóònù yẹ nọ́ńbà náà wò kó tó sanwó. Kí wọ́n kọ iye owó ìwé gàdàgbà sára ògiri èbúté, torí ẹ̀rù pé wọn yóò gbowó lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀mejì ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ní ti ọkọ̀ igi àláfàjẹ̀ tí bàbá arúgbó fi ń dẹ ìgèrè, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jàre.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tó ń lọ ra ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ má san gbogbo owó lọ́jọ́ kan. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha á, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín dé kóòtù ìlú rẹ̀ lọ búra pé òun ló ni ín, kí àgbà èbúté kan sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ní òun ò ráyè lọ sí kóòtù, ẹ gbé owó yín, ẹ máa bọ̀ nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ọlọ́kọ̀,
Ẹ̀pẹ́.