Ẹ Má Bó Ara Àpáta Lásán

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ láíkìn ni mo fẹ́ fi òwe yìí sọ.

Bí ẹ bá ti gun òkè Shere rí, níhìn-ín ní Jos, ẹ ó ti rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ àpáta bí làpálàpá. Èmi tí wọ́n bí síhìn-ín, ìdọ̀tí ni mo máa ń pè é. Àṣé ẹ̀dá alààyè ni! Ìbátan olú ló fẹ́ ohun aláwọ̀ ewé tíńtín níyàwó: ọ̀kan kọ́lé, èkejì ń fi oòrùn se oúnjẹ. Simon Schwendener, ará Switzerland, ló là á yé aráyé ní nǹkan bí ọdún 1867. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí a lọ kó láíkìn wá, ọ̀bẹ ni mo mú gun òkè. Mo ha àpáta bí ẹni ha ìdí ìkòkò, mo rọ ọ́ sínú ọ̀rá, mo so ó pa. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti hurun, ó ń rùn. N kò kọ ibi tí mo ti mú un, n kò kọ ọjọ́. Mo dà á sí ààtàn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ láíkìn orí àpáta kì í fi ju mìlímítà mélòó kan fẹ̀ lọ́dún. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí mo dànù jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Àwọn kan á ní kí a má kó o mọ́ rárá. N kò gbà. Ẹlẹ́rìí ni láíkìn. Ní 1866, William Nylander kíyè sí i pé àwọn kan ń hù nínú ọgbà Luxembourg ní Paris tí kò hù níbi tí afẹ́fẹ́ ìlú ti burú. Nígbà tó fi di 1896, wọ́n ti kú tán nínú ọgbà náà. Àkọsílẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ̀. Níhìn-ín ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ń pọ̀ sí i? Kí ni ọmọ wa yóò rí kà?

Nítorí náà, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó kó o, pàápàá nínú igbó ọba bí Amurum. Ẹ mú ìwọ̀n owó kọ́bọ̀ kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Inú àpò ìwé ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Ẹ kọ ibẹ̀, bí ó ti ga tó, bóyá ara igi ni tàbí òkúta, ọjọ́, àti orúkọ yín. Ẹ bi onílẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Bí àgbà kan nílé bá sì mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Ẹni tó bá ń kó láìkọ, ààtàn ló ń kó o fún.