Ohun Inú Fáìlì Yàtọ̀ sí Àlàyé Nípa Fáìlì

"Omi inú ìkòkò" àti "àwọ̀ ìkòkò" kì í ṣe irú ìbátan kan náà. A lè da omi nù kí ìkòkò ṣẹ́ kù. Àwọ̀ jẹ́ ti ìkòkò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "inú" ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn. Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo iwadii/ikale/itan1.wav. Síláàṣì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń sọ pé "nínú". Ṣùgbọ́n ta ló sọ ìtàn náà? Ìlú wo? Ọjọ́ wo? Àlàyé nípa fáìlì nìyí, ìyẹn metadata. Báwo la ó ṣe dárúkọ rẹ̀?

Nínú ètò NTFS ti Windows, kólọ̀nù ni wọ́n ń lò: itan1.wav:oluso. Mac lo síláàṣì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkànṣe: itan1.wav/..namedfork/rsrc. Reiser4 fẹ́ kí fáìlì máa ṣe bíi fódà. Ní 2004, àríyànjiyàn gbóná lórí rẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ Linux, wọn kò sì gbà á wọlé.

Lójú tèmi, ti Windows ló bá ọgbọ́n èdè mu jù: ìbátan ọ̀tọ̀, àmì ọ̀tọ̀. Ẹnìkan lè ní lórí Linux, kólọ̀nù lè wà nínú orúkọ fáìlì gan-an, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ èwo ni èwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé ó yẹ ká ya àmì sọ́tọ̀ kí orúkọ tó gbà á, kì í ṣe pé kí síláàṣì máa ṣiṣẹ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Tí a bá da fáìlì láti NTFS sórí fíláàṣì FAT32, ohun tó wà lẹ́yìn kólọ̀nù kò ní bá a lọ. Ohùn ìyá àgbà á kù, orúkọ àti ìlú rẹ̀ á sọnù. Ta ló máa wá sọ bóyá Ìkálẹ̀ ni tàbí Ìlàjẹ?

Títí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yóò fi fẹnu kò, ẹ jẹ́ ká máa kọ àlàyé sínú fáìlì lásán, itan1.txt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan1.wav. Kò gbayì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan bá lọ, a lè kó èkejì lọ.